Bí Mo Ṣe Fi Ẹnu Ara Mi Fi Ẹlòmíràn Jọba

Ní àdúgbò Missèbo ní ìlú Kútọnu, níbi tí àwa ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire, ìbáà ṣe ará Kétu, ará Àjàṣẹ́, tàbí àwọn tó ti Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn rékọjá ẹnubodè wá, ti ń ta aṣọ láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́, ẹgbẹ́ kan wà nígbà kan tí kò ní orúkọ, tí kò ní ìwé-ẹ̀rí lọ́dọ̀ ìjọba, tí kò sì ní fránkì kan lápò, síbẹ̀ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ń du ipò ju àwọn olóṣèlú lọ. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ wa ń ṣe: lọ́dọọdún, kí àwọn ará Amẹ́ríkà tó pín ẹ̀bùn Oscar fún àwọn òṣèré sinimá, àwa yóò ti bá wọn pín in tán lórí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ìbejì. A kì í fi owó sí i, nítorí pé alájì tí kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ tẹ́tẹ́ sétí ni Bàbá Ìbejì. Ohun tí à ń fi sí i burú ju owó lọ, nítorí pé ẹni tí àsọtẹ́lẹ̀ rẹ̀ bá ṣẹ ni yóò jẹ Kábíyèsí wa fún odidi ọdún kan, tí àwa yòókù yóò máa dọ̀bálẹ̀ fún níṣojú oníbàárà, tí a ó máa kì kó tó fi omi kan ẹnu, tí a kò sì gbọdọ̀ fèsì bó bá ń fi wá ṣẹ̀sín.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́, nítorí pé ìwé àti gègé ni mò ń tà, mo sì ní láti jẹ́wọ́ pé èmi tí mò ń kọ orúkọ àwọn ọba sínú ìwé, n kò jẹ ọba rí. Tíṣà ará Àjàṣẹ́ ti jẹ ẹ́, télọ̀ ará Abẹ́òkúta ti jẹ ẹ́, kódà ọmọ iṣẹ́ télọ̀, tí kò mọ fíìmù kan ju èyí tí ọkọ̀ ti ń gbiná lọ, ti jẹ ẹ́ rí, mo sì dọ̀bálẹ̀ fún un, tèmi ti ewú orí mi.

Nígbà tí ọdún 2007 wọlé, mo rí i pé àkókò mi tó. Wọ́n dárúkọ ọkùnrin márùn-ún fún ẹ̀bùn òṣèrékùnrin tó ń ti olú-òṣèré lẹ́yìn, ọmọ wa sì wà nínú wọn: Djimon Hounsou, tí a bí ní Kútọnu níbí lọ́dún 1964, tó ti kékeré lọ sí ilẹ̀ Faransé, tó ń sùn ìta ní Paris kí Thierry Mugler, aránṣọ ńlá nì, tó rí i tó sì fi í polówó aṣọ, tí Spielberg wá fi ṣe Cinqué nínú Amistad lọ́dún 1997, tó sì jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Russell Crowe lójú agbo nínú Gladiator. Télọ̀ fẹ́ràn ibi tí Mugler ti wọ inú ìtàn náà tó bẹ́ẹ̀ tí kì í jẹ́ kí a kọjá ibẹ̀. Wọ́n ti dárúkọ Djimon rí lọ́dún 2004 nítorí In America, Tim Robbins ló gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ti Blood Diamond yìí, níbi tó ti ṣe Solomon Vandy, apẹja ará Sierra Leone tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ kó lẹ́rú lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wa dáyámọ́ńdì, tí wọ́n sì gbé ìbọn lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, gbogbo wa gbà pé ó ju ti ìṣáájú lọ. Àwo ayédèrú ni a fi wò ó, èyí tí ẹnìkan jókòó sínú ilé sinimá yà, débi pé nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ibi tí ọmọ ti na ìbọn sí baba tó bí i, ọkùnrin onífìlà kan dìde dúró níwájú wa, kò sì jókòó mọ́ títí ọ̀rọ̀ náà fi parí. Ohùn Djimon nìkan ni a gbọ́ tí a fi sunkún.

Òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹni méjì kò gbọdọ̀ mú òṣèré kan, nítorí náà èmi tí ìwé wà lọ́wọ́ mi ni mo kọ́kọ́ kọ Djimon sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ara mi. Télọ̀ mú Mark Wahlberg. Tíṣà mú Jackie Earle Haley nítorí pé ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀ ọ́n, irú ènìyàn tí tíṣà jẹ́ nìyẹn. Ó wá ku Alan Arkin, bàbá arúgbó inú Little Miss Sunshine, àti Eddie Murphy, tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí dé mùdùnmúdùn, nítorí pé ó ti gba Golden Globe nínú oṣù kìíní nítorí Dreamgirls, gbogbo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò ló ń dárúkọ rẹ̀, Bàbá Ìbejì sì ti na ọwọ́ láti mú un. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, mo sì rí i pé bí mo bá lè yí Bàbá Ìbejì lọ́kàn padà sí ọ̀dọ̀ Arkin, Murphy yóò wà láìlólúwa. Bó bá wá gba ẹ̀bùn náà, oyè yóò ṣófo lọ́dún náà, ẹnìkan kò ní jọba lé mi lórí. Bí Djimon bá sì gbà á, ta ni yóò jọba bí kò ṣe èmi?

Mo ra obì, mo wọ ilé Bàbá Ìbejì lẹ́yìn ìrun alẹ́, mo sì gbé àròyé kalẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sanwó ẹjọ́ fún.

“Bàbá,” ni mo wí, “ẹ má jẹ́ kí ariwo ọjà tàn yín jẹ. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejì yìí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì pín ẹ̀bùn tiwọn ní London. Ta ni wọ́n fún? Arkin ni. Ẹni ọdún 72 ni bàbá yẹn. Láti ọdún 1967 ni wọ́n ti kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ fún Oscar tí wọn kò fún un. Ṣé ọmọdé ni àwọn tó ń dìbò ọ̀hún? Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Murphy sì rèé, fíìmù Norbit tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde, níbi tó ti wọ ara obìnrin kìbìtì, wọ́n ní ó ti ń ti àwọn tó fẹ́ dìbò fún un lójú.”

Bàbá Ìbejì jẹ obì díẹ̀, ó ní: “Ṣé bàbá tó ń fín oògùn olóró nínú fíìmù náà, tó ń kọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ijó tí kò bójú mu, tó sì kú sójú ọ̀nà, ni o fẹ́ kí èmi tí mo ti tẹ Mẹ́kà dúró tì?”

“Ẹ̀ṣẹ̀ eré ni, Bàbá, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ òṣèré.”

Ó tún jẹ obì. “Ọmọ Kétu, o gbọ́n o. Kọ Arkin.”

Mo kọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ tó tutù lẹ́nu rẹ̀. Kò sí irọ́ kan nínú gbogbo ohun tí mo sọ fún un, lórí rédíò ni mo ti gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé èmi fúnra mi kò gba ìkankan gbọ́.

Láti ọjọ́ náà lọ ni mo ti ń hùwà ọba. Mo yọ agbádá ìgbéyàwó mi jáde nínú àpótí, mo sì wá onílù gángan kan, mo san owó rẹ̀ ṣáájú, mo kọ́ ọ ní oríkì tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe: Awòye ọmọ Alákétu, a-rí-inú-àpò-ìwé-kí-wọ́n-tó-ya-á, ọkọ télọ̀, ọkọ tíṣà, ọkọ alájì tó jókòó ti aṣọ. Mo ní kó wá jí mi ní ìdájí Mọ́ńdè, àyàfi bí mo bá ránṣẹ́ sí i pé kó má wá. Owó rẹ̀ wọ́n díẹ̀, mo sì ní láti sọ ibi tí mo ti rí ẹ̀kún rẹ̀. Aago méjì ààbọ̀ òru lọ́dọ̀ wa ni ayẹyẹ Los Angeles náà yóò bẹ̀rẹ̀, iná mọ̀nàmọ́ná sì ń ṣe ségesège lákòókò náà, nítorí náà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dá owó jọ fún mi kí n fi ra epo kpayo sínú jẹnẹrétọ̀ búfẹ́ẹ̀tì tí a fẹ́ ti wò ó. Epo ìdajì ni mo rà. Ìlù ló jẹ ìdajì yòókù.

Ní òru ọjọ́ 25 oṣù kejì, a pé jọ. Iná lọ bí a ti rò, jẹnẹrétọ̀ sì gbà á. Wọ́n ka orúkọ àwọn ọkùnrin márààrún, ojú Djimon yọ lórí amóhùnmáwòrán, a hó yèè, jẹnẹrétọ̀ wúkọ́, ó tún wúkọ́, ó dákẹ́. Télọ̀ tan tọ́ọ̀ṣì wo inú táǹkì, ó wá tan án sí mi lójú.

“Ẹ̀gbọ́n, epo tí ẹ rà dà?”

N kò rí ọ̀rọ̀ sọ. A fi òkùnkùn sílẹ̀ lọ sílé, oníkálukú pẹ̀lú ìrètí tirẹ̀, èmi sì sùn oorun ẹni tó ti jẹ oyè tán.

Gángan ló jí mi ní ìdájí. Ìyàwó mi ta gìrì, ó ní: “Olówó orí mi, ta ló kú?” Mo ní kò sẹ́ni tó kú, oyè ni mo jẹ. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: èmi rò pé onílù ti gbọ́ ìròyìn ló ṣe wá, onílù rò pé mo ti gbọ́ ìròyìn ni n kò ṣe ránṣẹ́ kó má wá. Àwa méjèèjì tí a kò mọ nǹkan kan wá ń fi ìdánilójú ara wa lé ara wa lórí. Mo wọ agbádá, mo jáde, mo ń lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí, a sì ti Akpakpa jó dé orí afárá ọ̀sà, àwọn ọlọ́kadà zémidjan nínú ẹ̀wù yẹ́lò wọn ń fun fèrè fún wa, àwọn obìnrin tó ru ẹrù lọ sí Dantokpa ń bi ara wọn pé ìyàwó ta ni wọ́n ń gbé, àwọn kan tilẹ̀ bá wa jó díẹ̀ kí wọ́n tó yà. Bí a ti wọ Missèbo, mo rí tíṣà àti télọ̀ tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ṣọ́ọ̀bù. Onílù rò pé èmi ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún, ó sì tẹ ọ̀rọ̀ ọkọ télọ̀ ọkọ tíṣà náà mọ́lẹ̀ dáadáa.

Bàbá Ìbejì ló wà lórí bẹ́ǹṣì, rédíò létí rẹ̀. Ó wo agbádá mi, ó wo onílù, omi sì lé ròrò lójú rẹ̀.

“Akọ̀wé,” ni ó wí, “mo mọ̀ pé o fẹ́ràn mi, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ pé o máa gbé onílù wá fún mi. Arkin ti gbà á.”

Ó dìde, ó sì jó sí oríkì mi.

Bí mo bá ti pa ẹnu mi mọ́ níbẹ̀, ìtìjú náà ì bá mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n owó ìlù ń ta mí lára, mo sì kígbe láàárín ọjà pé: “Ẹ dúró! Èmi ni mo fi Arkin lé e lọ́wọ́! Murphy ló fẹ́ mú tẹ́lẹ̀, èmi ni mo lọ fi Arkin tàn án!” Ìlù dákẹ́. Tíṣà gbé orí sókè nílẹ̀ tó wà, ó rọra bi mí pé: “O lọ fi kí ni?” Ìgbà náà ni mo tó gbọ́ ohun tí mo sọ. Wọ́n dá ẹjọ́ mi lójú ẹsẹ̀: yàtọ̀ sí ìdọ̀bálẹ̀ tó jẹ́ ti gbogbo wa, èmi ni n ó máa gbé agboòrùn lé Kábíyèsí lórí lọ sí mọ́ṣáláṣí ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀.

Ènìyàn ì bá rò pé mo ti gbọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni àjọ̀dún sinimá FESPACO ń lọ lọ́wọ́ ní Ouagadougou, tí wọn yóò fi Ẹṣin Wúrà Yennenga, ẹ̀bùn tí wọ́n sọ lórúkọ ọmọbìnrin ọba tó jẹ́ ìyá ńlá àwọn Mossi, dá ẹni tó ṣe fíìmù tó dára jù lọ́lá ní Sátidé ọjọ́ 3 oṣù kẹta. Mo ní kí a tún un ṣe. Mo mú Daratt, fíìmù Mahamat-Saleh Haroun ará Chad, tí wọ́n ti dá lọ́lá ní Venice lọ́dún tó ṣáájú. Télọ̀ mú Ezra, fíìmù Newton Aduaka lórí ọmọdé tí wọ́n sọ di ọmọ-ogun nínú ogun Sierra Leone kan náà tó gba ọmọ lọ́wọ́ Solomon Vandy. Mo bi télọ̀ pé kí nìdí? Ó ní ọmọ Nàìjíríà ni Aduaka. Mo fi í rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ṣàlàyé fún un pé láti 1972 tí wọ́n ti ń fún ènìyàn ní Ẹṣin náà, ọmọ Nàìjíríà kankan kò gùn ún rí, àti pé ẹni tó bá ń fi ìfẹ́ ìlú sọ àsọtẹ́lẹ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń ṣe àdúrà. Èmi tí mo fi Djimon kọ́rùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà ni mo ń sọ bẹ́ẹ̀ o, kò sì sí bí ọ̀bọ ti ṣe orí tí ìnàkí kò ṣe. Ezra ló gba ti wúrà. Bàbà ni wọ́n fún Daratt.

Télọ̀ ní òun náà ti di ọba. Tíṣà ní ọba kì í pé méjì láàfin, wọ́n sì fi í jẹ Ọ̀tún, pẹ̀lú àṣẹ pé kí akọ̀wé máa dọ̀bálẹ̀ fún òun náà bó bá ti gbé agboòrùn ti Kábíyèsí sílẹ̀ tán. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ọdún náà, tí oníbàárà kan láti Pọ̀bẹ̀ fi bi mí pé ṣé gbèsè ni mo jẹ wọ́n ni.

Nígbà tí orúkọ àwọn òṣèré tún jáde ní oṣù kìíní ọdún 2008, Kábíyèsí pè mí wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, sáàárín àwọn ìdì aṣọ, ó fa aṣọ-ìkélé, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

“Akọ̀wé, ẹni tí o gbà pé yóò gbà á lọ́dún yìí, fi sínú ara rẹ, n kò bi ọ́. Ẹni tí ìwọ ì bá fi tàn mí jẹ ni kí o dárúkọ.”