Èèmọ̀ Wọ Denver: Wọ́n Kó Ẹpọ̀n Màlúù Sínú Bíà!

Ẹ̀yin ará, ẹ wá ìjókòó kí n tó là á, torí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe é gbọ́ lórí ìdúró. Wọ́n kó ẹpọ̀n akọ màlúù sínú bíà! Kì í ṣe àgbo, kì í ṣe àsèjẹ arúgbó tó ń wá ọmọ. Bíà ni o, láàárín ìgboro, tí tọkùnrin tobìnrin ń mu ún, tí wọ́n ń lá ètè!

Denver ni, ní ìpínlẹ̀ Colorado, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Wynkoop ni wọ́n ń pe ilé ọtí náà, ó kọjú sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Union Station. Ọdún 1988 ni wọ́n ṣí i, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Colorado tó ń pọn ọtí lábẹ́ òrùlé kan náà tó ti ń tà á. Ta ló wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀? John Hickenlooper, onímọ̀ nípa àpáta tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún 1986, ló bá di ọlọ́tí. Ẹ rò pé ìlú ta á nù? Wọ́n fi í jẹ olórí ìlú Denver lọ́dún 2003, wọ́n sọ ọ́ di gómìnà lọ́dún 2011, sẹ́nétọ̀ ni báyìí! Nílé tiwa, bí ọlọ́tí bá wá tọrọ ọmọ ẹni, ṣé a kò ní wádìí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ni?

Ẹni tó bá fẹ́ tọ́ ọtí wọn wò, ife kéékèèké ni wọ́n ń tò síwájú rẹ̀, kó máa ti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Èwo nìwà ọ̀kánjúwà yẹn? Rail Yard Ale ṣì rọjú. Ọtí èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Patty's Chile Beer ńkọ́? Ata ni wọ́n rọ sí i! Ata nínú bíà, bí ẹni ń se ọbẹ̀ tó gbàgbé ẹran.

Ẹ dúró ná, wọn ò gbàgbé ẹran!

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2012, ọjọ́ tí àwọn òyìnbó máa ń fi irọ́ dẹ́rìn-ín pa ara wọn, wọ́n gbé fídíò jáde pé àwọn ti ń fi ẹpọ̀n pọntí. Àwàdà lásán ni. Ọmọlúàbí á rẹ́rìn-ín, á bá tirẹ̀ lọ. Àfi báwọn ará ìlú ṣe ní dandan, àwọn fẹ́ mu ún! Kó tó di ìparí ọdún yẹn, ó ti di òótọ́ nínú ife: Rocky Mountain Oyster Stout.

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Pọ́ùn 25 ẹpọ̀n tútù! Wọ́n rẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀lẹ́ẹ̀, wọ́n sun ún, wọ́n dà á pọ̀ mọ́ ọkà báálì, ó di ọtí àgbá mẹ́jọ. Ẹpọ̀n mẹ́ta sí àgbá kan: wọ́n tún ń fi ìṣirò yẹn yangàn! Nígbà tí wọ́n máa rọ ọ́ sí agolo, méjì méjì ni wọ́n so ó pọ̀ tà. Kí ló dé tó fi jẹ́ méjì? Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n fẹnu mi sọ ọ́.

Lóòótọ́, àwọn darandaran agbègbè yẹn ti ń dín ẹpọ̀n jẹ tipẹ́. Kó wà nínú àwo, kò burú! Àwa náà ń jẹ ṣàkì, a ń jẹ pọ̀nmọ́, ta ló bù ú sínú ẹmu rí?

Ó wá dójú ẹ̀: wọ́n ní ó dùn! Bíà dúdú ni, ẹbí òdékú tí a mọ̀. Àwọn tó pọn ọ́n ní ó ń ta sánsán ṣokoléètì àti kọfí, adùn ẹran díẹ̀ sì wà nídìí rẹ̀. Adùn ẹran wo, ẹ jọ̀ọ́? Ṣé abilékọ gidi lè gbé irú ife bẹ́ẹ̀ sẹ́nu níṣojú àna rẹ̀? Kí ni bàbá máa sọ bí ọmọ bá béèrè ohun tó wà nínú ọtí? Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín!

Ẹ bá mi kọ̀ ọ́ o, kí gbogbo wa pa ohùn pọ̀ kọ̀ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá sì ti tọ́ ọ wò, kó má ṣe sọ fún mi. Bó bá di dandan kó sọ ọ́, kó rọra wá sọ ọ́ sí mi létí, kó má sì fo ibì kankan.