Ẹ̀yin Brian Méjèèjì, Ẹ Dá Etí Wa Sí!

Ẹgbẹ́ olórin ẹlẹ́ni méjì péré, síbẹ̀ orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n rí pín láàárín ara wọn. Brian Chippendale ló ń lu ìlù. Brian Gibson ló ń ta báàsì. Bí ẹnìkan bá yọjú lẹ́nu ọ̀nà tó ké pé “Brian, wá jẹun!”, ó yẹ kí àwọn méjèèjì dìde, àmọ́ kò sí èyí tí yóò gbọ́. Etí wo ni wọ́n fẹ́ fi gbọ́ ọ? Láti 1994 ni wọ́n ti ń pariwo nílùú Providence, ìpínlẹ̀ Rhode Island, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n sì ti fi mànàmáná sọ orúkọ ẹgbẹ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀: Lightning Bolt. Ẹni tó bá ní wọn ò kìlọ̀ fún òun, irọ́ ló ń pa.

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ ṣáájú pé mo fẹ́ràn wọn. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò ní fi yíǹkì ṣòfò lé wọn lórí.

Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń pè ní Rhode Island School of Design ni wọ́n ti pàdé. Ẹ bá mi fojú inú wo òbí tó san owó ilé ìwé yẹn. Ó ń retí ọmọ tí yóò máa ya àwòrán olówó ńlá tí wọ́n ń gbé kọ́ sí báńkì, ọmọ wá délé pẹ̀lú ìlù tó ti fẹ́ ya àti ìbòjú tó fi àkísà rán. Ẹni mẹ́ta ni wọ́n sì kọ́kọ́ jẹ́ o. Hisham Bharoocha wà pẹ̀lú wọn níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kó tó kẹ́rù rẹ̀ lọ sínú ẹgbẹ́ Black Dice. Ẹ má rò pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló wá lọ. Ẹni tó bá ti gbọ́ Black Dice rí mọ̀ pé ariwo ló dìde nídìí rẹ̀, ariwo náà ló tún lọ jókòó tì.

Ilé tí wọ́n gbé gan-an tó ìtàn sọ. Ní àdúgbò Olneyville nínú Providence, ilé iṣẹ́ àtijọ́ kan wà tí kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ aṣọ níbẹ̀ mọ́. Ní 1995, Chippendale àti Mat Brinkman kó wọ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Fort Thunder. Kò pẹ́ tí àwọn ayàwòrán àti olórin fi ya bo ibẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ ìwé ìkéde, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ya ìwé àwòrán, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ṣeré di òru. Ohun tí ará ìlú bá gbé sọ sórí ààtàn, wọ́n á gbé e wálé, wọ́n á kàn án mọ́ ògiri, títí kò fi sẹ́ni tó lè búra mọ́ pé ògiri wà lẹ́yìn ẹrù yẹn. Ní nǹkan bí 2001, àwọn oníṣòwò ilé lé gbogbo wọn jáde, wọ́n wó ilé náà palẹ̀, wọ́n fi ilé ìtajà àti ibi ìgbọ́kọ̀sí rọ́pò rẹ̀. Àwọn tó mọyì iṣẹ́ ọnà sunkún. Àwọn tó ń gbé nítòsí, èmi ò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn sunkún.

Ọ̀rọ̀ Gibson ló máa ń kọ́kọ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Báàsì tí gbogbo ayé ń ta, ìsàlẹ̀ ló ń dúró sí, kì í bá gìtá du ipò. Gibson kọ̀ jálẹ̀. Ó fa okùn tirẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fa okùn ṣẹ́lò, C, G, D, A, ó wá yọ okùn báàsì kúrò ní ipò A, ó fi okùn báńjò sí i. Nígbà tó yá, ìyẹn ò tó o mọ́, ó fi okùn karùn-ún kún un, ti báńjò náà ni. Lẹ́yìn náà ló wá ki gbogbo rẹ̀ bọ inú àwọn ẹ̀rọ tó ń ya ohùn ní àyapẹrẹ, ó sì to sípíkà gìrìwò jọ sẹ́yìn ara rẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ojú rẹ̀ kì í yí padà. Chippendale á máa jà fitafita, òógùn á máa ta kiri, Gibson á kàn dúró, á máa wo ìka ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹ lè lọ gba owó iná lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tó dúró sí. Yóò san án, yóò gba rìsíìtì, kò sì ní ta okùn kan ṣì.

Chippendale ní tirẹ̀ kì í jẹ́ ká rí ojú òun. Ìbòjú aláràbarà tó fi àjákù aṣọ rán ló ń gbé wọ̀, ó sì rán máíkì mọ́ ọn níbi ẹnu, máíkì tó tú lára tẹlifóònù àtijọ́, kí ọwọ́ méjèèjì lè ráyè lu ìlù, kí ẹnu náà má sì jókòó lásán. Ọmọ Yorùbá tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní béèrè ohun tó ń wò. Egúngún ni! Aṣọ bo orí, ojú ò hàn, ohùn sì ń ti ibi tí ohùn kì í gbà jáde. Àmọ́ egúngún tiwa ní atọ́kùn. Atọ́kùn ló ń mú pàṣán lọ́wọ́, òun ló ń lé èrò sẹ́yìn, òun náà ló ń sọ fún wa ohun tí ará ọ̀run wí. Egúngún Providence ò ní atọ́kùn kankan. Ó dá jáde láti ilé, èrò ló wá ń lé òun fúnra rẹ̀ mọ́ sípíkà. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí tó ti ń sọ̀rọ̀ nínú ìbòjú yẹn, èmi ò tíì pàdé ẹni tó lè ka gbólóhùn méjì sẹ́yìn fún mi nínú ohun tó wí. Láàárín orin kan sí ìkejì, á gbẹ́nu sókè, á bá èrò sọ̀rọ̀. Ṣé ìkíni ni? Ṣé ìkìlọ̀ ni? Àbí ọkọ̀ ẹnìkan ló dínà níta? Èrò á kàn hó yèè. Bó bá jẹ́ owó ló ń tọrọ, wọ́n ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni fún un.

Ìwà wọn lóde eré tún wá burú ju ìyẹn lọ. Àwọn olórin mìíràn ń du orí ìtàgé, àwọn wọ̀nyí á to ẹrù wọn sílẹ̀ẹ́lẹ̀, láàárín èrò. Ẹgbẹ́ tó ṣáájú wọn á ṣì máa ṣeré lọ lókè níbẹ̀, wọ́n á ti jókòó sí kọ̀rọ̀ tiwọn, ọ̀pá ìlù á ti wà lọ́wọ́. Bí ẹni ìṣáájú bá ṣe ń parí, tó ń múra àtisọ pé “Ẹ ṣeun, a dúpẹ́”, gbìì! Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹ kú iṣẹ́, kò sí ẹ kú àfaradà. Ẹni tó lọ ra bíà á dúró gbagidi, kò ní mọ ibi tí ìró náà ti ń bọ̀. Gbogbo èrò á yíjú, wọ́n á sáré, wọ́n á pagbo yí wọn ká. Àwọn tó wà níwájú á máa sapá kí wọ́n má ṣubú lu ìlù, àwọn tó wà láàárín á máa tì wọ́n, àwọn tó wà lẹ́yìn ò sì rí nǹkan kan rárá àfi ìpàkọ́ ẹlòmíràn. Owó ìwọlé kan náà sì ni gbogbo wọn san! Ẹni tó ga á rí ṣónṣó ìbòjú, ẹni tó kúrú á rí ẹ̀yìn ẹni tó ga, àwọn méjèèjì á sì délé, wọ́n á ní àwọn ò rí irú eré bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni kejì yẹn ò purọ́.

Nígbà tí èrò wá pọ̀ ju agbo lọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun orí ìtàgé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò rí bí àwọn kan ṣe ń binú pé wọ́n ti di ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1994, ṣé kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní da bíà sí i lórí ni?

Ní ti etí wa, NIOSH, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí lórí ààbò òṣìṣẹ́, sọ pé ariwo tó bá ti tó dẹ̀síbẹ́lì 85, wákàtí 8 ni kéèyàn fi wà nídìí rẹ̀ lóòjọ́, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá di 100, ìṣẹ́jú 15 péré. “Transmissionary”, orin tó kẹ́yìn àwo Earthly Delights ti 2009, lé ní ìṣẹ́jú 12. Ẹni tó bá gbọ́ ọ parí ní dẹ̀síbẹ́lì 100, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tó kù fún etí rẹ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Kó yáa fi pamọ́ fún ìyàwó.

Ṣùgbọ́n àwa tí à ń tẹ̀ lé wọn gan-an ni ẹ̀fẹ̀ yìí kàn. Àwo àkọ́kọ́ jáde ní 1999 láti ọwọ́ Load Records, Ride the Skies tẹ̀ lé e ní 2001, Wonderful Rainbow dé ní 2003, Hypermagic Mountain ní 2005. Bí ẹ bá gbé wọn sí ẹ̀rọ ní ìkọ̀ọ̀kan, ẹni tí kò mọ̀ á ní orin kan ṣoṣo ni, àti pé ẹnìkan fẹ́ lù ú pa. Olólùfẹ́ ò ní gbà. Á fa àga súnmọ́ yín, á ní: “Rárá o, ti 2003 yẹn, orin aládùn ló wà nínú rẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí ‘Dracula Mountain’ dáadáa.” Ẹ ó tẹ́tí. Ẹ ó tún un gbọ́. Ibi tó burú sí ni pé tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ ó rí i pé òótọ́ ló sọ. Orin kan wà lábẹ́ gbogbo rògbòdìyàn yẹn, ó mọ́lẹ̀ kedere, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn, ẹ ó sì máa fẹnu kọ ọ́ níbi tí ẹ ti ń fọ abọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, ó ti tán fún yín.

Ìyá mi gbọ́ ọ láti yàrá kejì. “Jẹnẹrétọ̀ ta nìyẹn?”

“Orin ni, Màámi.”

“Orin kẹ̀? Sọ fún wọn kí wọ́n yí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ padà.”

Lẹ́yìn Earthly Delights ti 2009, ebi pa wá. Ní 2012 wọ́n ju Oblivion Hunter sí wa, ohun tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ láti 2008, a sì jẹ ẹ́ láìwẹ̀yìn. Fantasy Empire ò dé títí di 2015, lọ́wọ́ Thrill Jockey. Ìgbà yẹn ni wọ́n wọ Machines with Magnets, sítúdíò gidi ní Pawtucket lẹ́gbẹ̀ẹ́ Providence, kí gbogbo ariwo náà lè mọ́ ketekete. Olólùfẹ́ kan tí mo mọ̀ fajú ro. Ó ní òun ti ń gbọ́ ohun gbogbo tí Chippendale ń lù, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Sonic Citadel wá jáde ní 2019, wọ́n sọ orin kan ní “Van Halen 2049”, wọ́n sọ òmíràn ní “Don Henley in the Park”. Don Henley jẹ́jẹ́, tó ń kọrin rẹ̀ pẹ̀lú Eagles, kí ló ṣe fún wọn tí wọ́n fi fà á wọ irú ibí yìí?

Kí ẹ má ba à rò pé ọ̀lẹ ni wọ́n nígbà tí kò sí àwo tuntun: Gibson wà lára ẹni méjì tó ṣe Thumper, géèmù kan tó jáde ní 2016, níbi tí kòkòrò onírin ti ń sáré lórí ojú irin, tó ń forí gbá gbogbo ohun tó bá pàdé. Ó ti lu etí wa tán, ó kù ojú. Chippendale lu ìlù fún Björk nínú “Náttúra” ní 2008, ó ń dá ṣeré lórúkọ Black Pus, ó sì ń ya ìwé àwòrán bíi Ninja, tí ojú ìwé rẹ̀ kún dẹ́nu. Bí mo ṣe wò ó, owó ilé ìwé yẹn ò ṣòfò tán.

Bí wọ́n bá dé ìlú tí ẹ wà, ẹ mú òwú dání fún etí. Ẹ má wọ bàtà funfun. Ẹ dúró sí ọ̀dọ̀ Gibson, torí ọ̀dọ̀ Chippendale ni òógùn ti ń ta. Tí eré bá parí, ẹ má tètè lọ, ẹ wo ìdí tábìlì tí wọ́n ti ń ta àwo orin, ibẹ̀ ni eré kejì wà.

“Èló ni ọ̀kan?”

“Ẹ ṣeun, àwa náà gbádùn rẹ̀!”

“Mo ní èló ni!”

“Méjì? Kò burú!”

Oníbàárà náà á sanwó, á gbé méjì lọ sílé. Ní òwúrọ̀ á pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù, á ní òun ti gbọ́ méjèèjì, pé èyí àkọ́kọ́ dára, ṣùgbọ́n ìkejì yẹn ni wọ́n ti dàgbà sí i.