Ológún Ẹrú Ti Ra Ṣájà

Ohun tó wu ni ló ń pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ológún ẹrú kú, aṣọ ọrùn rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Bí àwọn àgbà bá pa òwe yìí tán, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín. Ọkùnrin tó kú yìí ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: ogún ènìyàn ní ń ro oko fún un, kò sì rántí dá aṣọ kejì. Èmi ti rò ó títí, àánú rẹ̀ ló wá ń ṣe mí. Ó ṣe tán, àwọn ogún tó rà ń ṣiṣẹ́. Iṣu ń wọ inú àká, àgbàdo ń wọlé. Nígbà tó sì kú, kò ṣòro láti rí ẹni tó máa gbẹ́lẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo ń yin òwò ẹrú o. Ilẹ̀ Yewa mọ òwò yẹn ju kí á máa fi ṣàwàdà lọ. Ogun Dàhómì tó run Kétu ní 1886 kò jìnnà sí ìdílé púpọ̀ níhìn-ín, Àjàṣẹ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n ti ń kó àwọn ènìyàn wa sọ́kọ̀ ojú omi kò sì ju ìrìn díẹ̀ lọ lẹ́yìn ibodè Ìdìrókò. Òwe lèmi ń tọ̀ lẹ́yìn. Ibi tó sì gbé mi dé ni yàrá ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ìhùnbọ̀, níbi tí mo ti ka ohun tó wà lórí tábìlì rẹ̀.

Fóònù ńlá kan. Fóònù kejì tí ojú rẹ̀ ti fọ́, ṣùgbọ́n tí kò ṣe é jù nù nítorí pé inú rẹ̀ ni fọ́tò wà. Páwà báǹkì méjì, tí ọ̀kan ti wú. Íápíìsì aláìlókùn, tí etí òsì ti sọnù sínú mọ́tò tó ń lọ sí Ìlaròó. Sípíkà Bluetooth. Fáànù kékeré tó ń lo bátìrì. Fìtílà sólà. Òkìtì wáyà ṣájà tí kò sí ẹni tó mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn. Agogo ọwọ́ kan tó ń ka ìṣísẹ̀ náà wà níbẹ̀. Bàbá ọmọ yìí ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko láràárọ̀, kò ka ìṣísẹ̀ kan rí láyé rẹ̀. Ọmọ tó ń gun ọ̀kadà lọ ra búrẹ́dì ní ìkóríta ló ń kà á. Ṣòkòtò tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, mo mọ̀ ọ́n. Òun náà ló wọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Títí dé ibí yìí, òwe àwọn àgbà ṣì bá a mu. Ibi tó ti yàtọ̀ ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ẹrú ológún ń jẹ nínú oko tó ń ro. Ẹrú tiwa ń jẹ iná, ó ń jẹ dátà, kò sì fọwọ́ kan ọkọ́. Ológún ní ń jókòó tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún. Lónìí, olówó ẹrú ló ń dìde lóru láti wò bóyá iná ti dé, kó lè bọ́ àwọn ẹrú rẹ̀. Bí iná bá sì dé, ẹ máa gbọ́ igbe "Ọ́pù NÉPÀ!" láti ilé dé ilé. Ó ti pẹ́ tí NEPA, ilé-iṣẹ́ mànàmáná ìjọba, ti kú. Wọ́n sọ ọ́ di PHCN ní 2005, wọ́n tà á fún àwọn oníṣòwò ní 2013. A ò yéé kí òkú náà kú àbọ̀.

Bíbọ́ àwọn ẹrú yìí wá le ní ẹ̀gbẹ́ ibodè ju ibòmíràn lọ. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíà ni Ìhùnbọ̀ wà, Ìdìrókò ni aládùúgbò wa. Ní oṣù kẹjọ 2019 ìjọba àpapọ̀ ti ibodè pa. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, àṣẹ tún jáde pé kí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù má jẹ̀ẹ́ kí epo bẹntiróòlù dé ilé epo kankan tó wà láàárín kìlómítà 20 sí ààlà. Wọ́n ní epo ń sá lọ sí Bẹ̀nẹ̀. Lójú ẹni tó jókòó sí Àbújá, fàyàwọ́ ni wọ́n gbógun tì. Lójú wa níhìn-ín, jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n gbógun tì, nítorí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní "I better pass my neighbour" ló ń bọ́ ilé tí iná kò dé. Ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí ibodè Ìdìrókò padà. Kí á tó mí, ó di ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, Ààrẹ Tinubu ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo tí lítà rẹ̀ kò tó 200 náírà fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Ẹ rò pé a máa dín ẹrú kù? A lọ ra páwà báǹkì kẹta.

Ẹ wá gbọ́ àríyànjiyàn tó ń lọ ní ṣọ́ọ̀bù onígẹ̀rún. Àwọn kan ní Tecno ló dáa, àwọn kan ní Infinix ni. Wọ́n máa ń jà sí i débi pé onígẹ̀rún á dá abẹ dúró, ẹni tí wọ́n ń gẹ̀ lọ́wọ́ á gbé ààbọ̀ orí dìde láti dá sí i. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló ni méjèèjì. Transsion lorúkọ rẹ̀, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2006, Shenzhen ní ilẹ̀ Ṣáínà ni olú ilé rẹ̀ wà. Òun náà ló ni itel. Oraimo tó ń ta íápíìsì fún ẹni Tecno, tó tún ń ta páwà báǹkì fún ẹni Infinix, ọmọ ilé náà ni. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ méjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ara wọn láṣọ ya tán, owó àwọn méjèèjì ti pàdé nínú àpò kan.

N kò bá Transsion jà o. Wọ́n mọ̀ wá. Wọ́n rí i pé iná wa kì í dúró, wọ́n fi bátìrì tó ń pẹ́ sí i. Wọ́n rí i pé nẹ́tíwọ̀kì wa ń lọ ń bọ̀, wọ́n fi ihò síìmù méjì sí i. Wọ́n rí i pé kámẹ́rà àwọn ẹlòmíràn ń sọ wá di òjìji, wọ́n tún kámẹ́rà ṣe kó lè rí awọ dúdú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí orílẹ̀-èdè yìí ṣe rí, kò nílò ìwé ìròyìn. Kó tú ẹ̀yìn fóònù rẹ̀ wò.

Àwọn tí Tecno ti kéré lójú wọn, iPhone tòkunbọ̀ ni wọ́n ń wá lọ sí Ìkẹjà, ní Computer Village. Owó tí wọ́n fi rà á tó ọ̀kadà, ọ̀kadà sì ń mú owó wọlé. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbé ọ̀kadà síwájú dígí? Fóònù ni wọ́n ń kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí dígí, kí èso tí wọ́n ti bù jẹ yẹn lè hàn nínú fọ́tò, kí ojú ẹni tó ni ín sì fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Bátìrì rẹ̀ ti gbó kó tó gun ọkọ̀ wá, nítorí náà wáyà kì í kúrò nídìí rẹ̀. Fóònù tí wọ́n ṣe pé kó máa bá ènìyàn rìn ti wá di ohun tó so ènìyàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Ìran kan sì tún dé tó ju ìyẹn lọ: fóònù àsandíẹ̀díẹ̀. Wàá san díẹ̀, wàá gbé e lọ, wàá máa san ìyókù lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀. Ọjọ́ tí o bá kùnà, fóònù á ti ara rẹ̀ pa, á kọ gbèsè rẹ sójú, kò ní jẹ́ kí o pe ẹni tí ì bá yá ọ lówó. Nínú gbogbo ìtàn ológún ẹrú, n kò gbọ́ ibi tí ẹrú ti ti ilẹ̀kùn mọ́ olówó rẹ̀ síta.

Àwọn tó dàgbà díẹ̀ rántí ìgbà tí ọ̀rọ̀ fóònù yìí bẹ̀rẹ̀. Oṣù kìíní 2001 ni ìjọba ta ìwé àṣẹ, mílíọ̀nù 285 dọ́là fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kẹjọ, Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìṣẹ́jú kan jẹ́ 50 náírà, bó o bá sì wí "ẹ ǹ lẹ́" péré tí o pa á, o ti jẹ odindi ìṣẹ́jú. Ìgbà tí Glo dé ní 2003 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ní ìṣẹ́jú àáyá. Nígbà náà, ẹni tó máa pe ènìyàn á ti jókòó ro ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀: "Ìyá ti dé láyọ̀. Ó dàbọ̀." Ó tán. Báyìí tí ọ̀rọ̀ ti pọ̀ yanturu, wọ́n á fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìdajì rẹ̀ á jẹ́ "ṣé ẹ ń gbọ́ mi?", bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ̀ pé ẹni náà kò sí níbẹ̀ láti dáhùn. Ní oṣù kìíní 2025, NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, tún gbà kí wọ́n fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn. Ariwo ta. Dátà tí a fi pa ariwo náà, àwọn ilé-iṣẹ́ yẹn la rà á lọ́wọ́ wọn.

Ohun kan wà tí àwọn ará Ìbàdàn kò lè mọ̀. Fóònù tiwa ń ré ààlà kọjá láìgba ìwé. Ìyá tó bá gbé ààbọ̀ àpò ìrẹsì ní Ìgólò lápá Bẹ̀nẹ̀ á dúró níwájú kọ́sítọ́ọ̀mù, á dúró níwájú ìmígírésọ̀n, á dúró níwájú àwọn ọlọ́pàá, á sì ṣàlàyé fún gbogbo wọn. Fóònù rẹ̀ tó fi sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ní ilé ti gbá nẹ́tíwọ̀kì Bẹ̀nẹ̀ mú, wọ́n ti fi èdè Faransé kí i káàbọ̀, wọ́n sì ti ń gé kírédíìtì rẹ̀ bíi ti ẹni tó wà lájò. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 2024, Bẹ̀nẹ̀ tún yí nọ́ńbà wọn padà, wọ́n fi 01 síwájú gbogbo rẹ̀ kó lè di nọ́ńbà mẹ́wàá. Bàbá kan tó ní àna ní Àjàṣẹ́ pè títí, kò wọlé. Ó gbà pé àwọn àna ti dínà mọ́ òun nítorí ọ̀rọ̀ owó ìnáwó kan. Ó ti pe mọ̀lẹ́bí jọ kí ọmọ ọmọ rẹ̀ tó fi 01 kún un. Àna gbé e, ó ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. A rò pé inú ló ń bí yín sí wa ni."

Ọdún 2001 kan náà tí ọ̀rọ̀ fóònù bẹ̀rẹ̀, ní oṣù karùn-ún, ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wa pé ó wà lára ohun ìní tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Iṣẹ́ Ẹ̀fẹ̀, tó ń jáde lóru kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó lọ́sàn-án, ni láti bú ẹni tó bá ń ṣe ìṣekúṣe láwùjọ. Àwọn agbẹ́gilére náà kì í sá fún ohun tuntun: wọ́n ti gbẹ́ alùpùpù sórí ère, wọ́n ti gbẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Mo ń dúró de ọjọ́ tí wọ́n máa gbẹ́ ẹni tó tẹ orí ba sórí fóònù. Mo tún ń dúró de Ẹ̀fẹ̀ tó máa fi àwọn ológún ẹrú òde òní kọrin láìdá orúkọ sí. Ohun tó sì ń pa mí lẹ́rìn-ín ṣáájú ni pé àwọn tí Ẹ̀fẹ̀ máa bú gan-an ni yóò na fóònù sókè láti gbà á sílẹ̀, apá wọn á dí àwọn tó wà lẹ́yìn lójú, kò sì ní sí ẹnì kan tó máa wò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹnì kan wà ní àdúgbò tí ẹrú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ o. Bàbá onílé ìṣájì ni. Ó gbé sólà sórí páánù, ó kan pákó mọ́ ògiri, ó to ihò ìṣájì sórí rẹ̀, ó sì ń fi mákà kọ nọ́ńbà sẹ́yìn fóònù àwọn ènìyàn. Gbogbo ẹrú ìlú ní ń wá jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn olówó wọn ní ń san owó oúnjẹ. Ṣòkòtò rẹ̀ ju méjì lọ dáadáa.

Ẹnì kejì ni ìyá tó ń ta gàrí nítòsí rẹ̀. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìran Nokia 1100 tó jáde ní 2003, èyí tí wọ́n tà ju 250 mílíọ̀nù lọ láyé. Ó ń fi í béèrè iye tí wọ́n ń ra gàrí ní Àjàṣẹ́ kí ó tó dá owó lé e, ó ń fi tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ka owó lálẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ló sì ń ṣájì rẹ̀ lọ́sẹ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin alágogo ìṣísẹ̀ wá bá a, tó kúnlẹ̀ tó ń làágùn.

"Ẹ kú ọjà, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi fóònù yín pe tèmi. Mi ò mọ ibi tí mo gbé e sí."

Màmá kò dá ọwọ́ dúró nínú gàrí tó ń wọ̀n. Ó ní, "Èwo nínú wọn?"