Bọ̀dá Ejẹ́ńtì, Àdúgbò Ni Mo Ní Kẹ́ Ẹ Bá Mi Wá

Bọ̀dá Ejẹ́ńtì wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìrìn, ẹ kú òógùn. Ẹ tún kú owó, nítorí èyí tí ẹ ti gbà lọ́wọ́ mi kí ẹ tó fi ilé kankan hàn mí kò kéré. Mo mọ̀ pé àlàáfíà lẹ wà, torí mo rí yín lórí Whatsapp láàárọ̀ yìí níwájú géètì aláwọ̀ ewé kan, tí ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ilé tó dára fún ìdílé ni. Ẹ má bínú pé mi ò fà yín sí kọ̀rọ̀ sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ń wálé n'Ìbàdàn tí kò ní irú yín lórí fóònù rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá wa gbọ́ ọ.

Nígbà tí a fẹ́ kó kúrò l'Ékòó, ohun tí mo sọ fún yín ò lọ́jú pọ̀ rárá. Mo ní ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Àgbà wọn fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ gírámà, àbíkẹ́yìn ṣì ń tọ̀ sílé. Mo ní ìyá ọkọ mi ń bọ̀ wá bá wa gbé, ẹsẹ̀ sì ń dùn wọ́n. Mo ní àdúgbò tí ọmọ ọdún mẹ́jọ ti lè rìn lọ ra búrẹ́dì, kó sì rìn padà wálé láìjẹ́ pé àyà mi ń já, ni kẹ́ ẹ bá mi wá. Ẹ ní, "Kò séwu, Mọ́mì wa, mo ti mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́." Lẹ bá mú mi lọ wo táìlì.

Èmi ò bá táìlì jà o. Ó tutù lẹ́sẹ̀, ó sì rọrùn láti nù. Àjà POP náà dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí ẹ ti ń mú mi káàkiri, ilé ìdáná lẹ máa ń kọ́kọ́ ṣí, ó di balùwẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ ó tẹ iná tí kò ní tàn. Ẹ ò fìgbà kankan ní kí n wo ọ̀nà tí a gbà dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà yẹn ni àwọn ọmọ yóò máa rìn. Wọn ò ní máa gbé inú balùwẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti Bódìjà bẹ̀rẹ̀, nítorí kò sí ilé kan lọ́wọ́ yín tí kò sún mọ́ Bódìjà. Bàṣọ̀run sún mọ́ Bódìjà, mo gbà. Akóbọ̀ sún mọ́ Bódìjà, mo dákẹ́. Mọ́níyà náà tún wá sún mọ́ Bódìjà, ẹ ní "ẹ̀yìn Yunifásítì níbẹ̀". Bọ̀dá mi, Agbowó wà lójú ọ̀nà, Òjóò wà lójú ọ̀nà, kéèyàn tó gbúròó Mọ́níyà. Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló wà n'Ìbàdàn: márùn-ún wà ní ìgboro, mẹ́fà yí ìgboro ká. Àwọn mẹ́fà yẹn ò burú, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbébẹ̀ tí ara tù wọ́n. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé orúkọ àwọn márùn-ún lẹ fi ń ta ilé àwọn mẹ́fà, iye tí ẹ ń pè é sì máa ń bá orúkọ lọ.

Mo ní ó jìnnà, ẹ ní kí n má gbàgbé réluwéè. Mi ò gbàgbé. Oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tuntun láti Èkó wá sí Ìbàdàn, kìlómítà 157, Mọ́níyà ló sì parí sí. Ọkọ mi tó ṣì ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó yóò gbádùn rẹ̀ dáadáa, lọ́jọ́ Ajé tó bá ń lọ àti lọ́jọ́ Ẹtì tó bá ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ìgboro ni iléèwé àwọn ọmọ wà, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń lọ. Kò tíì sí réluwéè tó ń gbé ọmọ iléèwé láti Mọ́níyà lọ sí Mọ́kọ́lá. Bó bá ti wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sórí Whatsapp yín.

Ká tiẹ̀ ní Bódìjà gan-an ni. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Àjọ ilé kíkọ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní 1958 ló ṣètò Bódìjà àtijọ́. Wọ́n la títì kí wọ́n tó kọ́lé, àwọn àdúgbò tí ẹ ń mú mi lọ sì kọ́lé tán kí wọ́n tó rántí títì. Síbẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024, nǹkan bú gbàù ní Bódìjà àtijọ́ yìí kan náà. Ẹ̀mí ṣòfò, ọ̀pọ̀ ilé sì bàjẹ́. Gómìnà Ṣèyí Mákindé ní àwọn tó ń wa kùsà láìgbàṣẹ ló kó ohun abúgbàù pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bi yín pé ta ló ń gbé ilé kejì. Ẹ má kàn ní "èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n" nígbà tí ẹ ò mọ orúkọ wọn.

Ọ̀rọ̀ omi wá ńkọ́? Ibí ni mo fẹ́ jókòó sí díẹ̀, ẹ fara dà á. Ẹ̀ẹ̀rùn lẹ fẹ́ràn. Bí ojú ọjọ́ bá ti ṣú báyìí, fóònù yín á kú. Ilé kan wà tí ẹ mú mi lọ, ọ̀dà rẹ̀ láti ilẹ̀ dé ìbàdí tuntun fínní, èyí tó wà lókè ti ṣá. Mo bi yín léèrè, ẹ ní lánlọ́ọ̀dù fẹ́ràn àwọ̀ méjì. Bọ̀dá Ejẹ́ńtì! Èmi ò kọ́ ẹ̀kọ́ ilé kíkọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí omi máa ń dé lára ògiri. Lẹ́yìn ilé náà, mo rí odò kan tí ẹ pè ní gọ́tà.

Ọmọ Ìbàdàn lẹ̀yin, ẹ ò lè ní ẹ ò gbọ́ nípa odò Ògùnpa. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 ló gbé èèyàn tó lé ní 100 lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omi tún dé. Ó gbẹ̀mí, ó gbé dúkìá, ó sì wó afárá Apẹ́tẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ méjèèjì yẹn dáadáa. Ìparí oṣù Kẹjọ ni, ìgbà tí iléèwé wà ní ìsinmi gígùn, tí àwọn ọmọ wà nílé láti àárọ̀. Ìyá ọlọ́mọ kì í ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kó gbójú kúrò lára rẹ̀. Ní 2014, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí 200 mílíọ̀nù dọ́là kí Ìbàdàn lè gbógun ti àgbàrá. Tí gbogbo àgbáyé bá ti mọ̀ pé omi wà, ẹ̀yin nìkan ni ẹ ṣì ń sọ fún mi pé "omi ò débí rí, Mọ́mì."

Ọ̀sán Sátidé lẹ tún máa ń mú mi jáde. Àgbà ọgbọ́n ni. Lọ́sàn-án Sátidé, aráàlú ti lọ òde, ilé àdúrà wà ní títì, ilé ọtí ò tíì ṣí, ariwo kan ṣoṣo tí mo ń gbọ́ ni ti ẹnu yín. Ìgbà tí mo dá padà lọ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì láìsọ fún yín ni mo tó mọ̀ pé "ilé àdúrà kékeré kan" tí ẹ sọ ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn mẹ́rin, tí ìkan kọjú sí fèrèsé yàrá àwọn ọmọ. Òtẹ́ẹ̀lì wà lápá kejì, onífújì ń kọrin níbẹ̀. Ọmọ tó bá sùn sáàárín méjèèjì, bóyá wòlíì ni yóò dà ni o, bóyá olórin ni, a ò lè tíì sọ.

Ti iná kò gùn. Gbogbo ilé yín ló wà ní Bándì A, àwọn tí owó iná wọn ti lọ sókè láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 nítorí wọ́n ní wọn ó máa rí iná, ó kéré tán, wákàtí 20 lóòjọ́. Mi ò bi yín mọ́. Ìyá tó ń ta yìnyín ní ìkóríta ni mò ń bi. Bí yìnyín bá wà lọ́wọ́ wọn, iná wà. Ọjọ́ tí mo débẹ̀, pọ́fùpọ́fù ni wọ́n ń dín.

"Iléèwé wà níwájú níbẹ̀." Ó wà lóòótọ́, mo rí i. Títì márosẹ̀ ló wà láàárín wa, ọkọ̀ ń sáré, kò sí afárá ẹlẹ́sẹ̀, kò sí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró fún ọmọdé. "UCH ò jìnnà." Bọ̀dá mi, ọdún 1957 ni wọ́n ti ṣí ilé ìwòsàn UCH, tọmọdé tàgbà ló mọ̀ ọ́n, kò dọwọ́ yín. Mo fẹ́ mọ ibi tí mo lè gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná lóru lọ pẹ̀lú ẹsẹ̀, nígbà tí takisí máíkírà kankan ò sí lójú títì: ilé ìlera kékeré, nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé nítòsí, kẹ́míìsì tó ṣeé kàn lẹ́kùn. Ẹ ní ẹ máa wádìí. Ẹ ṣì ń wádìí.

Ohun tó wá ń dùn mí jù ni pé ẹ kì í jẹ́ kí n kí ará àdúgbò. Bí mo bá ti ní "ẹ kú ọjà o, ìyá alákàrà," ẹ ti fà mí lápá, ẹ ní lánlọ́ọ̀dù ń dúró. Ta ló ní kó dúró? Àwọn ará àdúgbò gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ìyá alákàrà mọ ọmọ ta ló ń jalè. Ó mọ aago tí wọ́n ń ti géètì òpópónà, bóyá ọdẹ tí ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù gbà ń sùn, àti bóyá àwọn ayálégbé ń pẹ́ níbẹ̀ tàbí ọdọọdún ni wọ́n ń kó lọ. Nǹkan kan tún wà tí mo máa ń wò tí ẹ rò pé mò ń ṣeré: ṣé àwọn ọmọdé wà níta ní ìrọ̀lẹ́? Bí wọ́n bá wà, tí àgbàlagbà kan sì ń wò wọ́n, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sanwó. Bí òpópónà bá dákẹ́ lọ́wọ́ aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, tí odi gbogbo ga, tí ajá nìkan ń gbó, ẹ̀yin á ní "jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ níbẹ̀." Ìbẹ̀rù lèmi ń rí.

Kí n tó gbàgbé, ẹ bá mi kí ará Àbújá yẹn. Ẹni tó máa ń fẹ́ san owó lọ́la bí èmi ò bá san án lónìí. Ó fẹ́ gba ilé Akóbọ̀, ó fẹ́ gba ti Bàṣọ̀run, ó tún fẹ́ gba ti ẹ̀bá odò. Kí lọkùnrin yìí ń fi ilé ṣe? Owó rẹ̀ ò sì tíì dé rí o, tèmi nìkan lẹ ṣì ń lé, pẹ̀lú kọmíṣàn, pẹ̀lú àgírímẹ́ǹtì, pẹ̀lú owó kan tí ẹ ní ó wà fún ohun tó bá bàjẹ́ kí n tó bà á jẹ́.

Mi ò ní purọ́ mọ́ yín, ẹ ṣèèyàn. Ẹ máa ń gbé fóònù mi lóru. Ẹ ti kìlọ̀ fún mi nípa lánlọ́ọ̀dù kan tó máa ń kó ẹrù ayálégbé síta, bẹ́ẹ̀ owó tiyín ì bá wọlé ká ní ẹ dákẹ́. Ìdí tí mi ò fi tíì wá ejẹ́ńtì mìíràn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọjọ́ tí òjò ká wa mọ́ ilé epo. Mo bi yín pé níbo ni ẹ̀yin fúnra yín ń gbé. Ojú ń tì yín láti sọ ọ́. Ẹ ní àdúgbò àtijọ́ ni, ilé ibẹ̀ ti gbó, kò sí táìlì. Ẹ ní bàbá kan wà tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀ dalẹ́, tó ń bi gbogbo àlejò pé ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ń lọ. Ẹ ní ìyàwó yín máa ń rán ọmọ ọdún mẹ́fà lọ ra ata, àti pé kó tó dé ìsọ̀, wọ́n á ti pe orúkọ rẹ̀ láti ojúlé mélòó kan. Ẹ ní òkè ni, omi kì í dúró níbẹ̀. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ tán, lẹ bá tún fi àwòrán géètì kan hàn mí lórí fóònù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ bá mi dá a lẹ́jọ́. Ọkùnrin yìí mọ àdúgbò tó dára fún ọmọ. Ó ti kó ọmọ tirẹ̀ síbẹ̀.

Bọ̀dá Ejẹ́ńtì, ilé ẹ̀gbọ́n mi ní Mọ̀lété la ṣì wà, iléèwé ń wọlé nínú oṣù Kẹsàn-án. Bí ilé kan bá ṣófo ní òpópónà yín, kó jẹ́ sìmẹ́ńtì lásán ni ilẹ̀ rẹ̀, ẹ pè mí. Kọmíṣàn yín wà nílẹ̀, mi ò ní ná an.

Èmi ni oníbàárà yín tí kò tíì rílé.