Ọ̀fẹ́ Ló Ń Dẹ́rù Bà Wá

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft jáwọ́ nínú àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10, wọ́n ní ká kó lọ sí Windows 11. Àmọ́ Windows 11 kì í gbé inú ẹ̀rọ tí kò ní TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò kan, kò sì ka ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ṣáájú 2017 sí. Irú tòkunbọ̀ tó wà nílé wa ní Ugborikoko lẹ́bàá Warri nìyẹn. Òyìnbó tó kọ́kọ́ ni ín kọ̀ ọ́, Microsoft náà wá kọ̀ ọ́.

Mo ní n ó fi Linux sí i dípò Windows, nítorí kì í kọ ẹ̀rọ àgbàlagbà.

"Èló ni wọ́n ń tà á?" Ìyàwó mi ló béèrè.

"Ọ̀fẹ́ ni."

"Ọ̀fẹ́ báwo? Dádì, kí ló wà nínú ẹ̀? Ẹ rò ó wò o."

Ẹ gbà mí! Windows tí à ń lò yẹn, inú fláàṣì ọmọ kan ní ìsọ̀ ló ti wá. Ọmọ náà gba owó iṣẹ́, Microsoft kò rí kọ́bọ̀. Ẹrù olè ni. "Activate Windows" wà ní igun ojú ẹ̀rọ, ó ń bẹ̀ wá tọ̀sán tòru, síbẹ̀ ojúlówó là ń pè é. Èyí tí Linus Torvalds, ọmọ Finland, bẹ̀rẹ̀ ní 1991, tí ẹnikẹ́ni lè tú inú rẹ̀ wò, òun là ń bi pé kí ló gbé pamọ́.

Bí a ṣe ń sá fún Linux yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní 2007, Mandriva, ilé iṣẹ́ Faransé kan, gba iṣẹ́ Linux orí kọ̀ǹpútà Classmate 17,000 tó ń bọ̀ wá sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ Nàìjíríà. Àdéhùn ti parí kí ẹni tó ń kó ẹ̀rọ wá tó ní òun yóò san owó iṣẹ́ Linux náà pé, òun yóò sì nù ún kúrò, òun yóò fi Windows rọ́pò rẹ̀. François Bancilhon, ọ̀gá Mandriva, fi ìbínú kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Steve Ballmer ti Microsoft. Ìròyìn jáde pé dọ́là 400,000 ló wà nílẹ̀ fún ẹni náà, wọ́n ní owó ìpolówó ọjà ni. Ìpolówó Windows, ní Nàìjíríà! Ta ní ń polówó ọbẹ̀ bàngá ní Warri? USPF, àjọ ìjọba tó ń sanwó ẹ̀rọ, ló ní kí Linux dúró síbi tó wà.

Ẹ̀yin tó ń ṣe Linux, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi owó gọbọi lé e. Ẹ tì í pa, kí àwọn ọmọ ìsọ̀ lè rí kọ́kọ́rọ́ já. Kí oṣù tó parí, ayédèrú rẹ̀ yóò ti kún gbogbo ilé ní Ugborikoko.