Ẹ Ra Páálí, Wọ́n Fi Ẹ̀rọ Orin Ṣe Èènì

Bọ̀dá, a ò ní dárúkọ yín. Ẹléfẹ̀ kì í dárúkọ ẹni, ilé ló máa ń júwe, kí ará àdúgbò fúnra wọn pariwo pé, "Háà, tibí ni!" Ẹ̀yin tí ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé lọ sí Computer Village n'Íkẹjà lọ́jọ́ tí owó oṣù wọlé, pé ẹ ń lọ ra ẹ̀rọ orin kékeré tó ń fi fídíò hàn, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ ra lójú, ẹ̀yin náà ni à ń bá wí. Ẹ ò tíì sọdá títì tán tí ọmọkùnrin kan ti dì yín lápá mú: "Alàájì mi, ẹ máa bọ̀ níbí, orígínà ni tèmi." Alàájì! Ẹni tí kò kọjá Ìlọrin rí! Ṣùgbọ́n oyè náà wọ̀ yín lára. Ẹ gbé apá agbádá tí kò sí lọ́rùn yín sí èjìká, ẹ tẹ̀ lé e wọ ṣọ́ọ̀bù.

Ó gbé mẹ́ta kalẹ̀. Ẹ ò tilẹ̀ wo ẹ̀rọ. Páálí ni ẹ gbé, ẹ ń kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ètè yín ń mì. Páálí kìíní ní MP3 lára, èkejì ní MP4, ẹ̀kẹta ní MP5. Ẹ mú ẹ̀kẹta, torí pé márùn-ún ju mẹ́ta lọ; ìṣirò tó kù lọ́wọ́ yín láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bọ̀dá mi àtàtà, MP3 wà lóòótọ́. Ọ̀nà láti fún ohùn pọ̀ kó má gba àyè ni, àwọn onímọ̀ Fraunhofer ní Jámánì sì wà lára àwọn tó gbé e kalẹ̀. MP4 náà wà: àpò tí wọ́n ń kó àwòrán àti ohùn sí pọ̀ ni. MP5 ńkọ́? Nínú orin àti fídíò, kò sí fáìlì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìbọn kan ló ń jẹ́ MP5, ti Jámánì náà ni, kí ẹ dúpẹ́ pé kì í ṣe òun ni wọ́n dì fún yín. Ẹni tó ń tẹ páálí ló fi ọ̀kan kún mẹ́rin, kí ẹ̀yin náà lè fi nǹkan kún owó. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹ tún ń bọ̀, wọ́n á ti tẹ MP9 sílẹ̀ dè yín.

Ẹ tún rí 16GB lára rẹ̀, inú yín dùn. Ẹ délé, ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ní 14.9 lòun rí. Ẹ bú ọmọ Ìkẹjà, ẹ bú ìyá tó bí i. Ìyá onítọ̀hún kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ń fi 1,000 ka tiwọn, kọ̀ǹpútà ń fi 1,024 ka tirẹ̀. Ibi tí ìṣirò méjèèjì kò ti bára mu ni 1.1 yín há sí. Ẹnikẹ́ni ò jí i. Mẹ́mórì káàdì 64GB tí ẹ rà ní ọ̀pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, òun gan-an ni ẹ ì bá pariwo lé lórí, ẹ̀yin sì ń yọ̀ pé ẹ rí ọjà he. 4GB ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti tún inú rẹ̀ kọ kó lè máa purọ́ fún ẹ̀rọ yòówù tó bá wọ̀. Yóò gba gbogbo orin tí ẹ bá dà sí i, yóò to orúkọ wọn sílẹ̀, kò ní kùn. Àyè ti tán nínú rẹ̀ tipẹ́, ó ṣì ń gbà. Ọjọ́ tí ẹ bá tẹ ọ̀kan nínú àwọn orin náà, orúkọ wà, ohùn kò sí. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ H2testw, tó máa ń kó nǹkan kún inú káàdì dẹ́nu, tí á sì kà á padà láti mọ èyí tó ń parọ́. Ó ń gba àkókò. Ẹ̀yin ò ní àkókò, ẹ ń múra ìkómọ.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sójú ẹ̀rọ, torí ibẹ̀ leré wà. Oríṣi ojú méjì ni wọ́n ń tà. Ọ̀kan jẹ́ awẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí kò fara kanra àfi bí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Èékánná ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ìdérí báírò ń ṣiṣẹ́, egungun ẹja pàápàá á ṣiṣẹ́. Èkejì, irú ti iPod touch àti fóònù ìsinsìnyí, iná mànàmáná díẹ̀ tó wà lójú rẹ̀ ló fi ń mọ̀ pé ara èèyàn ti kàn án. Èékánná ò sí nínú ìwé rẹ̀. Èkejì yìí lẹ rà, tí ẹ wá ń fi èékánná gún un. Kò dáhùn. Ẹ tún gún un. Ẹ pọ́n ìka lá, ẹ tún padà. Ìyàwó yín ní kí ẹ gbé e wá, ó fi orí ìka kàn án fẹ́ẹ́, orin bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní ẹ̀yin lẹ ti tẹ̀ ẹ́ kó tó gbà á, pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí ni.

Ọ̀rá tí wọ́n fi bò ó lójú láti ilé-iṣẹ́ wá ńkọ́? Ó ṣì wà níbẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀rá náà ṣì wà níbẹ̀, ó bo olórin láti iwájú orí dé imú. Etí rẹ̀ ti ká, eruku ti wọ abẹ́ rẹ̀, afẹ́fẹ́ ti wú u láàárín. Ọmọdé kan fẹ́ bá yín ṣí i, ẹ fò dìde: "Má yọ ọ́! Kò tíì gbó!" Ó yé wa. Ọ̀rá ṣì wà lórí ìjókòó mọ́tò yín, rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n yín wà nínú ọ̀rá, ẹ̀rọ orin wá di ẹ̀kẹta.

Ẹ lè ní kì í ṣe ẹ̀yin là ń bá wí, pé tòkunbọ̀ ni tiyín, iPod touch gidi láti Amẹ́ríkà. Ẹ káre. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2007 ni Apple gbé àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde, dọ́là 299 fún 8GB, 399 fún 16GB. Ó rẹwà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán débi pé obìnrin lè wò ó kun àtíkè. Ṣùgbọ́n kò ní sípíkà. Àfi kí ẹ ki íápíìsì bọ̀ ọ́. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń yí ohùn sókè kò sí lára rẹ̀ pẹ̀lú. Ìgbà tó di 2008 ni wọ́n tó fi méjèèjì sí i. Ẹ̀yin ò béèrè. Ẹ gbé e dé ibi ìkómọ, ẹ ní kí DJ sinmi, kó wá gbọ́ orin gidi. Ẹ gbé e sórí tábìlì láàárín agbo, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ àwọn èèyàn lẹ́nu. Ìyá ọmọ tuntun rò pé àdúrà ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni, ó tẹrí ba.

Ẹ kò sì mọ̀ pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni iPod ń fẹ́ lọ́kọ. Ẹ so ó mọ́ ti ọ̀rẹ́ yín pé ẹ fẹ́ gba orin méjì péré. iTunes béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, ṣé kí òun nu gbogbo èyí tó wà lára rẹ̀ kúrò kí òun tó kó ti ibí sí i? Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún gùn, ẹ ò kà á dópin, ẹ tẹ̀ ẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo orin yín wábi gbà. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ àsálátù wá ń wọ dáńfó pẹ̀lú orin Kérésìmesì létí, nínú oṣù kẹfà.

Èyí tó dùn jù ni bí ẹ̀rọ ṣe ń to àwọn olórin. Lẹ́tà àkọ́kọ́ ló ń wò, kò mọ oyè. Ẹ lọ sí A: Alhaji Haruna Ishola wà níbẹ̀, Alhaji Ayinla Omowura wà níbẹ̀, Alhaji Kollington Ayinla wà níbẹ̀, Alhaji Sikiru Ayinde Barrister náà jókòó tì wọ́n. Àpàlà àti fújì ń pín yàrá kan gbé. Ẹ yí lọ sí D, ẹ tún bá Barrister: Dr. Sikiru Ayinde Barrister. Ẹ dé S, òun náà rèé láìloyè. Lójú ẹ̀rọ, èèyàn mẹ́ta ni wọ́n. Ebenezer Obey wà ní C nígbà tó jẹ́ Chief Commander, ó tún wà ní E nígbà tó di Evangelist. King Sunny Ade àti King Wasiu Ayinde ń du ìtẹ́ mọ́ra wọn lọ́wọ́ lábẹ́ K. Ẹ wá ní kí ẹ fi àmì sórí orúkọ kó lè dùn ún kà. Ẹ̀rọ MP5 yín ò mọ ẹ, kò mọ ọ, kò mọ ṣ. Àpótí òfìfo ló gbé dípò wọn. Mp3tag ni orúkọ ètò ọ̀fẹ́ tí ẹ lè fi tún orúkọ wọ̀nyí ṣe lórí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó kó wọn wọlé. Kí ẹ pinnu bóyá oyè ni yóò ṣáájú àbí orúkọ, kí ẹ má sì yí i padà mọ́. Kò le. Ẹ̀yin tí ẹ rọ́jú to káàdì ìkíni ọdún lábẹ́ gíláàsì tábìlì, kí ló dé tí ẹ ò lè ṣe ìyẹn?

Orin wa fúnra rẹ̀ náà ní wàhálà tirẹ̀. Jùjú àti fújì ayé rẹ́kọ́ọ̀dù, ojú àwo kan lè jẹ́ orin kan ṣoṣo, ìṣẹ́jú 18 tàbí 20, ẹni tó kó o sínú kọ̀ǹpútà á sì kọ "Track 01" sí i, ó parí. Ẹ wá fẹ́ gbọ́ ibi tí wọ́n ti ki ẹni tí orúkọ rẹ̀ jọ ti bàbá yín, èyí tí ẹ máa ń sọ fún àlejò pé bàbá yín gan-an ni. Ìlà tí ẹ ó fi wá ibẹ̀ kò fẹ̀ ju ìka mẹ́ta lọ, ogún ìṣẹ́jú ló wà lórí rẹ̀, àtàǹpàkò yín nìkan sì bo mẹ́fà mọ́lẹ̀. Ẹ sún un díẹ̀, ẹ bọ́ sáàárín gángan. Ẹ dá a padà, ẹ bọ́ síbi tí wọ́n ti ń ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gìtá ṣe. Àlejò ń rọra wo aago. Lára iPod touch, bí ẹ bá di àmì orí ìlà náà mú tí ẹ wá fa ìka lọ sísàlẹ̀, yóò máa rìn ní díẹ̀díẹ̀. Ẹ ò mọ̀, àlejò ti lọ.

Fídíò ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Fíìmù Yorùbá wákàtí méjì lójú tó tó páálí ìṣáná, ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀ rẹ̀ kéré ju ohun tí èèrà lè kà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ pọ́ọ́kú láti Ṣáínà ò sì gba fídíò bó ṣe wà. Ẹ gbọ́dọ̀ yí i padà sí irú fáìlì tí wọ́n ń pè ní AMV lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì mú iná lọ lágbedeméjì. Nínú dáńfó, ìyá tó jókòó tì yín ti ń bá yín wò ó láti Ọjọ́ta. Ẹ fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní Máryland, ó dì yín mú: "Ẹ ẹ̀ ṣáà jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ mọ̀ ná."

Ẹ tún ra íápíìsì aláìlókùn, ẹ wá ń bínú pé rédíò inú rẹ̀ ò sọ̀rọ̀ mọ́. Okùn yẹn ni eriali rẹ̀, Bọ̀dá! Ẹ sọ okùn nù, ẹ sọ rédíò nù. Ibi tí ẹ sì ń yí ohùn sókè dé, gbogbo èrò ọkọ̀ ló ń gbọ́ orin yín, ẹ̀yin nìkan lẹ ò gbọ́ kọ̀ńdọ́kítọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ó má ju décíbẹ̀lì 80 lọ fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀. Tiyín ti ń tán kí ọ̀sẹ̀ tó dé àárín.

Kí ẹ má lọ rò pé ẹ̀yin nìkan ni ẹ̀rọ ń fi ṣẹ̀sín. Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ọdún 2008, Zune 30, ẹ̀rọ orin ti Microsoft, dákú káàkiri lẹ́ẹ̀kan náà, torí kò mọ̀ pé ọdún náà ní ọjọ́ 366. Oògùn tí wọ́n sọ ni pé kí bátìrì kú tán, kí ọjọ́ kejì mọ́. Wọ́n gbé Zune HD tí wọ́n ń fọwọ́ ra lójú jáde lọ́dún 2009. Nígbà tó fi di 2011, wọ́n ti jáwọ́. Apple náà fi iPod touch sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2022. Sony ò tíì gbà: ní 2023 ni NW-A306 dé, ihò íápíìsì wà lára rẹ̀, àyè mẹ́mórì káàdì wà lára rẹ̀. Ohun méjèèjì yìí ni èmi ì bá kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn náà, màá ki íápíìsì tèmi bọ̀ ọ́, màá fi orin tí mo mọ̀ dunjú dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù, kí ọmọ Ìkẹjà máa pè mí ní ohun tó bá wù ú.

Ṣùgbọ́n ti òde ìyàwó yẹn la ó sọ kẹ́yìn, ẹ má bínú. Ẹ rí ọmọbìnrin kan, ẹ fa iPod touch yọ. Ẹ̀rọ tí kò ní síìmù, tí kò níbi tí síìmù ń gbà wọlé, ẹ gbé e sétí: "Hẹ́lò, London! Ẹ bá mi dá kọ̀ǹténà yẹn dúró ná." Ẹ bá London jà, ẹ bẹ London, ẹ kí ìyàwó London. Ọmọbìnrin náà dúró títí ẹ fi parí, ó wá rọra sọ pé, "Bọ̀dá, ẹ ṣe fíláàṣì sí fóònù mi kí n ní nọ́ńbà yín." Ẹ ní bátìrì ti kú. Ó na ọrùn wo ojú ẹ̀rọ, bátìrì kún bámúbámú.

"Kò burú," ó ní, "ẹ jẹ́ kí London bá yín fún mi."