Àkísà Lára Ọmọ Ọdún 25

"Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà." Òwe tí àgbà fi ń pa ọmọdé lẹ́nu mọ́ ni. Bí ọmọ kan bá rí towó ṣe, tó kọ́lé, tó ra ọkọ̀, tó wá fẹ́ máa bá àwọn tó jù ú lọ sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò lẹ́gbẹ́, wọn á ní kó rọra. Owó lè ra aṣọ kún àpótí lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n àkísà kò sí lọ́jà. A ó ra aṣọ, a ó wọ̀ ọ́ ròde, a ó wọ̀ ọ́ lọ sóko, a ó fọ̀ ọ́ títí àwọ̀ rẹ̀ á fi ṣá, kó tó di ohun tí wọ́n fi ń nulẹ̀. Ọdún ló ń sọ aṣọ di àkísà. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni kì í fi í bínú sí ọmọdé láyé àtijọ́ pé kò ní i.

Nàìjíríà òde òní ti yí òwe náà padà. Agbanisíṣẹ́, onílé, àna, bàbá àti ìyá, gbogbo wọn ló ń béèrè àkísà lọ́wọ́ ọmọ ọdún 25. Bí kò bá sì rí i mú wá, ẹ̀bi rẹ̀ ni. Púpọ̀ nínú ohun tó ń bí àwọn ọ̀dọ́ nínú lójoojúmọ́, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀ wá.

Ìwé ìpolówó iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn kedere jù. Ó wọ́pọ̀ kí ilé ìfowópamọ́ tó ń wá akẹ́kọ̀ọ́jáde kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó ń bọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ọmọ ọdún 26 lọ. Iléeṣẹ́ mìíràn á fi kún un pé kó ti ní ìrírí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Ìṣirò rẹ̀ rèé. Ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́fà á lo ọdún mẹ́fà níbẹ̀, á lo mẹ́fà ní girama, á sì pé 18 kó tó fojú kan yunifásítì, ìyẹn bí JAMB, àjọ tó ń ṣètò ìdánwò ìwọlé yunifásítì, bá ṣàánú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́rin yẹ kó tú u sílẹ̀ ní 22. Ṣùgbọ́n ẹni tó wọlé ní 2018 bá ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, pàdé ní oṣù kẹta 2020, èyí tí kò tán títí di oṣù kejìlá. Ó tún bá òmíràn pàdé ní ọjọ́ 14 oṣù kejì 2022, ìyẹn gba oṣù mẹ́jọ gbáko. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ló tó kan iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, ọdún kan tí ìjọba ti ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde láti 1973. Nígbà tó bá fi máa bọ́ aṣọ kakí sílẹ̀, ó ti pé 25, ó sì lè ti lé. Ọdún kan ló kù fún un láti fi kó ìrírí ọdún márùn-ún jọ.

Òfin orílẹ̀-èdè náà kò tilẹ̀ ka irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sí ẹni tó ti gbó. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún 2018, Ààrẹ Muhammadu Buhari bu ọwọ́ lu òfin tí gbogbo ayé mọ̀ sí Not Too Young To Run. Òfin náà sọ ọjọ́ orí ẹni tó lè díje fún ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ àti ilé aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá kalẹ̀ láti 30 sí 25, ó sì sọ ti ipò ààrẹ kalẹ̀ láti 40 sí 35. Nítorí náà, ọmọ ọdún 27 ṣì kéré débi pé ó ku ọdún mẹ́jọ kó tó lè du ipò ààrẹ, ó tó ẹni tó ń ṣòfin fún ìlú, ó sì ti dàgbà jù láti jókòó sídìí káńtà báǹkì máa ka owó olówó.

Ohun tí wọ́n bá ń wá tí kò sí, ọwọ́ ọmọ aráyé á ṣe é. Olùwáṣẹ́ á gba kóòtù lọ, á san owó táṣẹ́rẹ́, á búra pé ọdún tí wọ́n bí òun kì í ṣe èyí tí ìyá òun rò. Ìgbà ara là ń búra, ìgbà ìwáṣẹ́ sì ni ìgbà ara tirẹ̀. Bó bá kúrò níbẹ̀, á jókòó ti CV: oṣù mẹ́ta tó fi bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró ní ṣọ́ọ̀bù fóònù á di ọdún méjì nípò alábòójútó ọjà. Lórí ìwé kan, ọjọ́ orí ń lọ sílẹ̀; lórí ìkejì, ìrírí ń lọ sókè. Ẹ̀dá tó ń kéré sí i tó sì ń gbó sí i nígbà kan náà, irú rẹ̀ kò sí nínú àlọ́ ìjàpá. Ṣòkòtò jíǹsì tí iléeṣẹ́ ti fà ya lórúnkún kó tó dé ọjà nìkan ló jọ ọ́: àkísà tuntun ni, owó rẹ̀ sì ju ti odindi lọ.

Àgbà tí èyí bá ń yà lẹ́nu, kó wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ọba. Òfin ní kí òṣìṣẹ́ ìjọba fẹ̀yìn tì ní ọmọ 60 ọdún tàbí lẹ́yìn ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́, èyíkéyìí tó bá ṣáájú. Ta ni kò tíì gbọ́ ìtàn ọ̀gá tó ti ń ṣe ọmọ ọdún 58 bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tó ń kun irun, tí àbúrò tó tẹ̀ lé e sì ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì? Ọmọdé ń wá àkísà kiri, ẹni tó ní i ń fi í pa mọ́.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ọ̀rọ̀ ilé ló kàn, Èkó ló sì ti le jù. Ọ̀dọ́ tó ń wá rúùmù kan ní Yábàá tàbí Ṣúrùlérè á kọ́kọ́ pàdé ajẹ́ǹtì, á sì san owó àyẹ̀wò, èyí tí wọn kì í dá padà. Wọn á gun àtẹ̀gùn, wọn á ṣílẹ̀kùn. Fèrèsé kan wà tó kọjú sí ògiri ilé kejì. Ilé ìdáná kò ju ibi tí ẹni kan lè dúró sí bó bá fa ikùn wọlé. Ẹnu ẹ̀rọ omi ń ro tótó sínú báfù tó ti pupa. "Bọ̀ọ̀dá, iná wà níbí o, Band A ni wá," ajẹ́ǹtì á wí, kò sì ní sọ pé ní oṣù kẹrin 2024, ìwọ̀n iná kan tí wọ́n ń ta ní 68 náírà di 225 fún àwọn ará Band A, àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù lọ. Nígbà náà ni onílé á jáde: Níbo lo ti ń ṣiṣẹ́? Ṣé o ti gbéyàwó? Ta ló máa dúró fún ọ? Obìnrin tó bá dá wá, kódà kó gbé owó náà sínú báàgì, wọ́n lè ní kó lọ mú ọkọ rẹ̀ wá. Ìgbéyàwó náà ti di àkísà tí wọ́n fi ń gba rúùmù.

Ìṣirò ilé kò yàtọ̀ sí ti iṣẹ́. Bí owó ilé bá jẹ́ 800,000 náírà lọ́dún, ajẹ́ǹtì á gba ìdámẹ́wàá bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, 80,000. Àgírímẹ́ǹtì, tí í ṣe ìwé olójú mẹ́ta tí wọ́n ti ń dà kọ láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, á gba 80,000 mìíràn. Owó ìdógò, nítorí bóyá ayálégbé á fọ́ nǹkan tó ti fọ́ kó tó dé, á gba 100,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,060,000. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí láti oṣù keje 2024 jẹ́ 70,000. Ẹni tó ń gbà á á ṣiṣẹ́ oṣù 15 láìjẹ, láìmu, láìwọkọ̀, á sì tún ku 10,000 kó tó gba kọ́kọ́rọ́.

Kì í ṣe pé kò sí òfin. Òfin ilé yíyá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 kò gba onílé láàyè láti gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ìjìyà rẹ̀ jẹ́ owó ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ibi tó ti dùn ni pé òfin náà kò dá ayálégbé sí: ẹni tó gba owó ọdún méjì àti ẹni tó san án, arúfin ni àwọn méjèèjì. Ó sì yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, níbi tí àwọn olówó wà. Ọ̀dọ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà onílé, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé òun á rí owó ọdún méjì náà mú wá, ẹ̀wọ̀n ló ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Ẹni tí apá rẹ̀ kò bá ká Yábàá á lọ gbé Ìkòròdú tàbí Mòwé, á máa jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ kó lè kọjá lórí afárá Third Mainland kí ó tó kún. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, owó ọkọ̀ kò padà síbi tó wà mọ́. Ọkọ̀ ojú irin tó ń kó èrò láti Mílíì 2 lọ sí Marina láti oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn ran àwọn ará ọ̀nà Badagry lọ́wọ́. Ará Mòwé kò ríbi wọ̀ ọ́.

Alẹ́ ló burú jù. Bó bá délé tó dùbúlẹ̀, á ṣí fóònù, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì tò síbẹ̀ bí ẹni tó ń lọ síbi ìnáwó. Ọmọ ọdún 24 kan fẹ̀yìn ti ọkọ̀ tuntun. Òmíràn wà ní pápákọ̀ òfuurufú pẹ̀lú àpótí méjì, ó kọ "Ọlọ́run ló ṣe é" sábẹ́ fọ́tò. Gbèsè kì í hàn nínú fọ́tò. Ẹni tó ń wò ó kò sì béèrè ẹni tó ni ọkọ̀ náà. Ìdí tí òun fi pẹ́ ló ń béèrè. Kò tíì lo ọdún méjì nídìí iṣẹ́ kankan, ó sì ti gbà pé ayé ti fi òun sílẹ̀ lọ. Àwọn tó ń béèrè àkísà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́sàn-án, ó ti dara pọ̀ mọ́ wọn lóru.

Bí kò bá sì rí àkísà, á yáwó ra aṣọ. Ọ̀rẹ́ kan fẹ́ ṣègbéyàwó, aṣọ ẹbí jẹ́ 60,000, kò tíì kan owó télọ̀ àti fìlà. Áàpù ayánilówó á fún un láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, kò ní béèrè onídùúró bíi ti onílé, nítorí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù ọ̀hún ni onídùúró. Bí ọjọ́ bá pé tí kò san án, ìyá rẹ̀, pásítọ̀ rẹ̀ àti ọmọbìnrin tó ń dẹnu kọ á rí àtẹ̀jíṣẹ́ gbà pé gbájú-ẹ̀ ni. Ìwà yìí gbilẹ̀ débi pé àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, gbé ìlànà kalẹ̀ ní 2022 fún àwọn tó ń yáni lówó lórí ẹ̀rọ.

Gbogbo ariwo yìí ló bo ìbẹ̀rẹ̀ òwe náà mọ́lẹ̀. Àgbà tó pa á gbà pé ọmọdé lè láṣọ bí àgbà. Kò ní kó dúró dìgbà tó bá gbó kó tó ráṣọ wọ̀. Èyí tó sì níyì jù nínú aṣọ, Yorùbá ti sọ ọ́: ènìyàn laṣọ mi. Ní Yunifásítì Harvard l'Ámẹ́ríkà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa ìgbésí ayé àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan ní 1938, wọ́n fi àwọn ọmọ tálákà ìlú Boston kún un, wọ́n ń ṣàyẹ̀wò ara wọn, iṣẹ́ wọn àti ìgbéyàwó wọn fún ohun tó lé ní 80 ọdún. Ohun tí wọ́n bá bọ̀ ni pé àjọṣe tó dán mọ́rán láàárín ènìyàn ń mú ẹ̀dá láyọ̀, ó sì ń mú un pẹ́ láyé, ju owó àti òkìkí lọ. Ìyá ẹlẹ́wà kan ní Mọ́kọ́lá ì bá ti bá wọn sọ ọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kó sì fi búrẹ́dì lé e.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń láyọ̀ láàárín ìnira Èkó, irú aṣọ yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn wọ̀. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta á da owó pọ̀ gba yàrá méjì àti pálọ̀. Ẹnì kan á máa ra gáàsì, ẹnì kejì á máa sanwó iná, ẹnì kẹta, tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí ọjà Mílíì 12, á máa gbé tòmátì àti ata wá. Kì í ṣe ọ̀run rere o. Abọ́ kan tí ẹnì kan kò fọ̀ lè dá ìjà tó máa gba ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀, àfẹ́sọ́nà ẹnì kan lè wá kí wọn kó má sì lọ mọ́. Ṣùgbọ́n lálẹ́ tí iná bá lọ, wọ́n ń rí ẹni bá sọ̀rọ̀, fóònù kì í sì í rí àyè dá wọn lẹ́jọ́.

Àjọ ló ń bá wọn gbé owó ilé. Ènìyàn mẹ́wàá á máa dá 30,000 lóṣooṣù, wọn á sì to ìkó rẹ̀ tẹ̀ lé oṣù tí owó ilé oníkálukú pé: ẹni tí onílé rẹ̀ ń bọ̀ ní oṣù kẹta á kó 300,000 ní oṣù kẹta, ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ oṣù kẹwàá á dúró. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ náà, nǹkan méjì ni wọ́n máa ń bi í: ta ló mọ̀ ọ́n nínú wọn, ọjọ́ wo sì ni owó oṣù rẹ̀ ń wọlé.